Màmá Ìlúpéjú Ńkọ́?

Ìkíni ló gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, mo lè bá a wọ̀yá ìjà. Bó bá jẹ́ owó ni, mo lè ṣiṣẹ́ sí i. Ìkíni ni o, ìkíni ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, tó mọ̀ pé a kì í rí àgbà ká má béèrè ìyàwó rẹ̀. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín, nítorí àwọn ará Ìkọ̀lé ti rò ó kiri tán, kò sì sí ẹni tó rò ó re nínú wọn.

Bólúwatifẹ́ lorúkọ mi, Tifẹ́ ni wọ́n ń pè mí nílé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé aládàáni kan nítòsí gáréèjì Ìkọ̀lé. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi rán mi lọ ra oúnjẹ ní bùkà tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, mo sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tẹ̀ síwájú ìkòkò ọbẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń pe èyí, mà?" ló bi olóúnjẹ.

"Ìsápá ni. Ìsápá àti ẹ̀gúsí."

"Ìsápá? Èyí tí a ń mu?"

Gbogbo bùkà bú sẹ́rìn-ín. Olóúnjẹ gbé ìgbákọ rẹ̀ sókè. "Ta ló ń mu ọbẹ̀? Níbo lo ti wá, ìwọ ọmọ yìí?"

"Ní Kétu, mà. Lọ́dọ̀ wa, pupa ni ìsápá. A máa ń sè é, a ó fi ṣúgà sí i, a ó wá jẹ́ kó tutù dáadáa ká tó mu ún."

"Zóbò lò ń sọ yẹn," ni mo dá sí i. "Pupa là ń mu, funfun là ń jẹ. Jókòó kí wọ́n bù ú fún ẹ, kó o yéé dójú ti Kétu."

Ó jókòó lóòótọ́. Ó fi iyán run ún, ó pa ojú dé, ó gbé e mì. Gbogbo bùkà ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ó kan díẹ̀," ló wí, "ó sì dùn." Ó la ojú, ó wò mí. "Ó jọ ẹnu rẹ."

Bí mo ṣe mọ Fọláhàn nìyẹn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wá kà ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tó wà ní Ìkọ̀lé. Yorùbá ni wọ́n ní Kétu, àmọ́ orílẹ̀-èdè Benin ni ìlú náà wà, Faransé ni wọ́n fi ń kàwé, nítorí náà Ọmọ Kútọnu làwọn ará ibí ń pè é. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bi í bóyá ó ní mọ́tò tòkunbọ̀ tó fẹ́ tà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí i nínú. Níbi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́n, ńṣe ló ń jẹ́ kí wọ́n rò pé ọmọ Òkè-Ògùn lòun. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ti òkèèrè wá ń se núdù nínú yàrá wọn, wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọn ó padà sílé. Fọláhàn ní tòun ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìlú tí èèyàn ò bá tíì jẹ oúnjẹ rẹ̀, kò tíì dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, tí iléèwé mi bá ti wà ní títì, a óò wọ mọ́tò. Ní Òyè, iṣu sísun àti epo pupa lẹ́bàá títì. Ní Ìfàkì, ẹran ọ̀yà tí wọ́n fi ata pa lójú. Ní Ìdó, mọ́ínmọ́ín ewé, ẹlẹ́mìí méje, tí ìyá kan ń gbé kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò sí ìsọ̀ tó kéré jù fún un, kò sí bẹ́ǹṣì tó dọ̀tí jù. Yóò kí olóúnjẹ, yóò kí ọkọ rẹ̀, yóò kí ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, yóò béèrè ìyá rẹ̀ àgbà tí kò rí rí. Kó tó kí wọn tán, wọ́n ti fi ẹran kún tirẹ̀.

"Iyán loúnjẹ," ni màá wí fún un, "ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Èkìtì ló ni gbólóhùn yẹn."

"Ẹ̀yin lẹ ni gbólóhùn, àwa la ni iṣu," lòun náà á dáhùn. A jà lórí iṣu Kétu àti iṣu Èkìtì ju bí a ti jà lórí ohunkóhun lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n kúkú sọ ọ́ báyẹn láìfi bò: mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá ń jẹun tí kò sí níbẹ̀, mi ò mọ adùn rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kadà máa ń gbé e lọ sí Ìlúpéjú. Ó ń wo oko ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fún iṣẹ́ ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mú ìtàn kan bọ̀ tí inú rẹ̀ dùn sí ju gbogbo oúnjẹ lọ.

"Òjò lé mi wọ ilé oúnjẹ opó kan, Ìyá Láyí," ló wí. "Àwọn bẹ́ǹṣì ti kún, ó ní kí n wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo bá Bàbá kan níbẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ aṣọ, síńgílẹ́ẹ̀tì ló kù lọ́rùn rẹ̀, ó ń jẹun. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú oúnjẹ, sà. Ó ní, 'Omi wà níbẹ̀ yẹn, wẹ ọwọ́ rẹ.' Tifẹ́, inú abọ́ kan náà la ti jẹun. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti orí ẹja síwájú mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sí ọkùnrin tó ti ẹja síwájú mi."

"Opó lo pè é, kí ni Bàbá wá jẹ́ sí i?"

"Ó ti tún ọkọ fẹ́ nìyẹn. Màmá ni mò ń pe ìyàwó, Bàbá ni mò ń pe ọkọ. Àwọn méjèèjì ò lè wo ara wọn kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Irú ilé tí mo fẹ́ kí àwa náà ní nìyẹn."

"Kí lorúkọ Bàbá náà?"

"Kò béèrè tèmi, èmi náà ò béèrè tirẹ̀. Ọmọ Ìwé ló ń pè mí. Ó rò pé Ìsẹ́yìn ni mo ti wá."

Ó ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń sọ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọjọ́ kan á mú mi lọ, kí n lọ kọ́ ẹ̀rín lọ́dọ̀ wọn. Ó di ìsinsìnyí kó tó yé mi pé ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n béèrè orúkọ òun kì í béèrè ti ẹlòmíràn.

Nílé tiwa, ẹ̀rín ò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, Olóyè Adétúnjí, hẹ́dímáásítà ni kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Ohun tó fi ń yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé òun kì í jẹ ìta. "Oúnjẹ ìyàwó mi ni mò ń jẹ," ló máa ń wí. Bó bá ti oko kòkó rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, Màámi á ti gún iyán. Yóò wẹ ọwọ́, yóò jẹ òkèlè méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, yóò sì ti abọ́ síwájú. "Ikùn mi ò dáa." Màámi á gbé ìdérí bo abọ́ náà, á gbé e wọ ilé ìdáná. Ìṣẹ́kù iyán bàbá mi ni mo fi dàgbà. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n sọ fún mi pé ó ń ṣe é, mo sì máa ń gbàdúrà fún ikùn rẹ̀ kí n tó sùn.

Ọdún kejì tí a ti jọ ń jẹun kiri ni Fọláhàn sọ ọ́. Ìdí iṣu sísun la wà ní Òyè, epo ti kán sí i láyà.

"Tifẹ́, ọdún yìí ni mo máa parí. Mi ò fẹ́ dá nìkan padà sí Kétu."

"Gbé iṣu Èkìtì dání."

"Ìwọ ni mò ń wí."

Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni, nítorí ayọ̀ àti ẹ̀rù jọ gbá mi mú lẹ́ẹ̀kan. Mi ò gbọ́ Faransé. Adéyẹmí ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Kánádà láti ìgbà tí mo wà níléèwé girama, èmi nìkan ni mo kù sílé. Mo bi ara mi pé ta ni yóò máa bá Màámi ṣe nǹkan. Mo tún bi ara mi pé bí mi ò bá tẹ̀lé ọkùnrin yìí, ta ni màá tún rí tí yóò wò mí bó ṣe ń wò mí yìí. Mo dá a lóhùn pé kó lọ nu epo àyà rẹ̀, pé mo gbà.

Àbúrò màmá mi ló ṣe alárinà wa, Àǹtí Ọmọ́táyọ̀ tó ń ta aṣọ ní Ìfàkì. Ó fara balẹ̀ wo Fọláhàn, ó bi í ní ìbéèrè títí, ó sì pàtẹ́wọ́. "Mo gbà fún yín. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá mọ ara yín tán, ẹ ó ní kí alárinà yẹ̀bá, n kò bínú."

Màámi ni kò gbà. "Kútọnu!" ló pariwo. "Adéyẹmí wà ní Kánádà, inú fóònù ni mo ti ń rí i. Kí ìyókù tún wá kọjá bọ́dà? Ta ni yóò sin mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Kétu ò jìnnà bíi Kánádà. Mọ́tò ló ń lọ ibẹ̀."

Bàbá mi gbé ìwé ìròyìn tó ń kà kalẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀.

"Kétu?" ló wí. "Ọmọ Odùduwà ni wọ́n. Mo kọ́ ọ nínú kíláàsì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òyìnbó ló fa ilà sáàárín wa, kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹ mú ọmọ náà wá kí n fojú rí i."

Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn ni Àǹtí Táyọ̀ mú un wá. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà, ó gbé wàgáṣì pupa, wàrà tiwọn, tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kétu dání. Màámi ti gún iyán, ó ti se ìsápá, nítorí mo ti sọ fún un pé ohun tó fẹ́ràn nìyẹn. Inú rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Fọláhàn na gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, sà. Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, mà."

Màámi ní kó dìde. Ó gbé orí sókè, ó rí bàbá mi lórí àga, ojú rẹ̀ sì là bí ojú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Háà! Bàbá! Bàbá mi!" Ó tún na gbalaja. "Ṣé ẹ̀yin náà wá bá wọn gba àlejò ni? Tifẹ́, Bàbá Ìlúpéjú tí mo máa ń sọ fún ẹ nìyí! Ẹ ò wá lọ́jọ́bọ̀, sà, Màmá fi orí ẹja yín pamọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Kí ló dé tí wọn ò bá yín wá?"

Kò sí ohun tó yẹ kí ọmọ gidi bi àgbà tí kò bi í.

Ìdí Àǹtí Táyọ̀ ò tíì kan àga, ibẹ̀ ló dúró sí. Tẹlifíṣọ̀n ń kọrin lọ. Bàbá mi yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Mi ò mọ ọmọ yìí," ló wí.

"Èmi ni, sà. Ọmọ Ìwé."

"Mo ní mi ò rí i rí."

"Fọláhàn," Àǹtí Táyọ̀ rọra sọ̀rọ̀, "bàbá Tifẹ́ lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn."

Orí ilẹ̀ ló ṣì wà. Ó wo bàbá mi, ó wo Màámi, ó wò mí. Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé e, mo sì gbàdúrà pé kó má tíì yé èmi. Mo rántí ọ̀nà oko kòkó bàbá mi. Ọ̀nà kan náà ló já sí Ìlúpéjú.

"Ẹ má bínú, sà," Fọláhàn wí. "Mo ṣì yín mú. Ẹlòmíràn ni." Ó fẹ́ gbà wá sílẹ̀, àmọ́ irọ́ náà ti pẹ́ jù.

"Ẹ dìde, ẹ wá jẹun," Màámi wí. "Uyán kì í dúró de ọ̀rọ̀."

Ó bù ú fún gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó kọjú sí Fọláhàn, ohun tí kò ṣe fún àlejò rí. Ó dúró títí ó fi gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì.

"Báwo ni uyán tèmi ti rí sí ti Ìlúpéjú?"

Ọmọ tó mọ adùn oúnjẹ láti Kétu dé Ìdó tẹjú mọ́ abọ́. "Ó dùn, mà."

"Mo mọ̀ pé ó dùn," Màámi wí.

Bàbá mi jẹ tirẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìsàlẹ̀ abọ́ yẹn láti ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló pè mí. "Ọmọ tó ń jẹun kiri ojú títì ò ní ilé. Mi ò lè fa ọmọ mi lé jẹun-kiri lọ́wọ́. Àti pé Kétu jìnnà."

"Ẹ ní ọmọ Odùduwà ni wọ́n, sà."

"Odùduwà bímọ púpọ̀," ló wí, ó sì gbé ìwé ìròyìn rẹ̀.

Mo sá lọ bá Màámi ní ilé ìdáná. Mo rò pé òun á dúró tì mí. Ta ni ìbá tún dúró tì mí, nígbà tí bàbá mi ti jọ tàn wá jẹ, èmi àti òun? Ó ń bẹ iṣu. Kò gbé ojú sókè.

"Mo ti mọ̀," ló wí kí n tó la ẹnu. "Láti ìgbà tó o wà ní fọ́ọ̀mù kìíní. Uyán ló sọ fún mi. Ọkùnrin tó ti oko dé, tí kò lè jẹ òkèlè mẹ́ta, ọgbẹ́ inú wo nìyẹn?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ṣì ń gún un?"

"Kí n má gún un, kí n wá wí pé kí ló ṣẹlẹ̀? Ulé mi nìyí. Bí mo bá ti gún un, mo ti ṣe tèmi."

"Màámi, Fọláhàn ò mọ̀. Ó kí wọn ni."

"Mo mọ̀. Kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ dáadáa ni, ulé tó ti wá kọ́ ọ." Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró. "Ohun tí mo mọ̀, tèmi ni. Ojú rí i, ẹnu dákẹ́, mo ń gbé orí mi sókè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti wá sọ ọ́ ní pálọ̀, àbúrò mi wà níbẹ̀. Bó bá di ọkọ rẹ, á máa wọlé, á máa dọ̀bálẹ̀, á ní ẹ kúulé, Màámi. Kí letí mi á máa gbọ́? Màmá ńkọ́. Màmá ńkọ́. Títí n óò fi kú. N kò lè gbà á, Tifẹ́. Bó o bá fẹ́ bínú, bínú."

Mo bínú. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi, mo sì kórìíra pé ó yé mi.

Àǹtí Táyọ̀ tún gbìyànjú. Ó bẹ Màámi, Màámi ní kó lọ ta aṣọ rẹ̀. Ó bẹ bàbá mi, bàbá mi ní bí mo bá tẹ̀lé ọmọ Kútọnu, kí n mọ̀ pé mi ò ní bàbá ní Ìkọ̀lé mọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, nǹkan àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì fi ẹnu kò lé lórí nìyẹn. "Mo ti yẹ̀bá kí àsìkò tó tó," ni àǹtí mi wí, ó sì sunkún lójú mi.

Mo lọ bá Fọláhàn ní bùkà ìsápá. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, ó ti tutù.

"Mo lọ bá Màmá Ìlúpéjú," ló wí. "Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ọmọ Bàbá ni mò ń fẹ́. Bàbá ò dé ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní bí mo bá ń wá ẹni tó máa dúró bí ìyá mi láti tọrọ ẹ, àwọn ṣe tán."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Kí wọ́n wá kúnlẹ̀ fún màmá mi? Fọláhàn, o ò gbọ́n. Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran."

"Jẹ́ ká máa lọ nígbà náà. Ìyá mi á gbà ẹ́."

"Ta ló máa fà mí lé wọn lọ́wọ́? Èmi fúnra mi? Bí ẹrù tó já bọ́ lọ́nà, tí ẹni tó rí i gbé?"

Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Inú ọkàn mi, mo ti fẹ́ lọ. Mo ti ń wo aṣọ tí màá kó àti èyí tí màá fi sílẹ̀.

Ohun tó dá mi dúró ni iyán. Bàbá mi ò kúrò nílé ní ọ̀sán mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ń jẹ iyán rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ tán, ó ń fi ìka nu ọbẹ̀ ìdí abọ́. "Uyán yìí dùn, Ìyá Adéyẹmí," ló ń wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìdí odó. Ó ra abọ́ tuntun. Ó di irun rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ láìsí òde. Wọ́n jọ ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, apá wọn ń kan ara wọn, àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ sì ń mi orí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

"Ọlọ́run ló lo ọmọ yẹn fún mi," Màámi sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

"Èmi ńkọ́, Màámi?"

Ó fi ọwọ́ tó tutù kàn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí mo bá lọ, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa wó lé. Bàbá mi á ní Màámi ló kọ́ mi, ilé á tún tutù. Obìnrin tó ti ń gún iyán fún ẹni tó ti yó láti ìgbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kìíní, ṣé èmi ni màá gba abọ́ tó mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mi ò lè ṣe é. Mo sọ fún Fọláhàn pé mi ò lè ṣe é.

Mo sìn ín dé gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ. Mo se ìsápá fúnra mi, mo bù ú sínú kúlà kékeré, mo gún iyán, mo fi ọ̀rá wé e. Mo nà án sí i.

"Ebi ò pa mí," ló wí.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wọ mọ́tò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí dírẹ́bà fẹ́ máa ṣí i, ó yọ orí síta.

"Tifẹ́, má bínú pé mo kí wọn," ló wí.

Ó di ìgbà iṣu tuntun ọdún tó tẹ̀lé e. Mo yà sí ìsọ̀ Àǹtí Táyọ̀ ní Ìfàkì, ó sì ń yí fóònù rẹ̀ nínú ọwọ́ bí ẹni tó mú ẹyin. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó Fọláhàn ló wà níbẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Kétu, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin náà lẹ́wà. Ojú rẹ̀ tutù.

"Ó ti sanra," ni mo wí.

"Tifẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó rí ẹni tó ń bọ́ ọ." Mo dá fóònù rẹ̀ padà, mo wọ mọ́tò Ìkọ̀lé. Mi ò sunkún nínú mọ́tò. Mo ń sọ fún ara mi pé ó kéré tán, ẹnì kan rí nǹkan gbà níbẹ̀. Màámi rí ọkọ rẹ̀ gbà.

Mo bá a nídìí odó, ó ń gún iṣu tuntun. Òógùn bò ó, ó ń kọrin. Bàbá mi ti oko dé. Kòkó ti ń pọ́n, ó ti tún ń lọ déédéé. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Èmi ni mo bu omi fún un. Ó wẹ ọwọ́, ó jẹ òkèlè kan, ó jẹ èkejì. Ó gbé ìkẹta, ó wò ó, ó dá a padà.

"Ikùn mi ò dáa," ló wí.

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ojú bàbá mi. Abọ́ tuntun yẹn ló ń wò. Ó gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó na ọwọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìdérí, ó sì dé e.

Mo tẹ̀lé e wọ ilé ìdáná. Ó gbé abọ́ náà síwájú mi, bó ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Màámi," mo wí. "Kí èyí má baà tún ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe jẹ́ kí Fọláhàn lọ."

"Jẹ uyán," ló wí. "Kó má ṣòfò."

Bàbá mi ti padà sí Ìlúpéjú. Màámi ti padà sídìí ìdérí abọ́ rẹ̀. Fọláhàn ti padà sí Kétu. Èmi nìkan ni mi ò rí ibi tí mo lè padà sí. Mo fa àpótí, mo wẹ ọwọ́ mi, mo sì jẹ ìṣẹ́kù bàbá mi tán.